Nọ́ńbà Mẹ́rin Lára Taya

Alhaja fi etí ìró wọn nu ẹ̀gbẹ́ taya náà, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ibì kan tó rí bí ẹyin pẹlẹbẹ, wọ́n ní, "Ka èyí fún mi." Mo kà á: 2208. Mo rò pé iye owó ni.

"Rárá," ni wọ́n wí. "Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Taya náà ní ọjọ́ ìbí bíi tìẹ."

Ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ yẹn, mo ti ka nọ́ńbà ara taya gbogbo mọ́tò tó wà ní kílóòsì wa ní Festac. Eruku bo orúnkún mi, inú mi sì ń dùn pé mo mọ ohun tí àwọn tó ni mọ́tò gan-an ò mọ̀.

Ìsọ̀ Alhaja wà ní Apple Junction, láàrin ìlà àwọn tó ń ta taya tòkunbọ̀. Ọkọ wọn ló ni ín tẹ́lẹ̀. Nígbà tó kú, wọn ò padà sí Ìsẹ́yìn ìlú wọn, wọ́n jókòó sórí àpótí rẹ̀. Màmá mi ń ránṣọ ní òdìkejì títì, nítorí náà ọ̀dọ̀ Alhaja ni mo máa ń wà tí ilé ìwé bá ti parí. Ẹ̀rọ tí fọkanáísà fi ń fẹ́ taya kì í dákẹ́ níbẹ̀, òórùn rọ́bà àti omi ọṣẹ kì í sì í kúrò nínú aṣọ mi.

Bí Alhaja bá fẹ́ yan taya, wọn kì í kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀. Wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì fẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á máa wá àwọn ilà wẹ́wẹ́ tó máa ń là sínú rọ́bà tó ti gbó. Wọ́n á gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó ki igi ìṣáná bọ inú ilà ojú rẹ̀ láti mọ bó ṣe jìn tó. "Àwọn ará Èkó," wọ́n á ní, "èyí tó sanra, tó ń dán, ni wọ́n ń fẹ́. Bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ìyàwó náà nìyẹn."

Ìlà yẹn ní òfin kan. Bí oníbàárà bá ti fọwọ́ kan ọjà ẹnì kan, ẹnikẹ́ni mìíràn ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ títí oníbàárà náà yóò fi kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá rú òfin yìí, wọn ò ní fún un ní tiẹ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń pín taya tí kọ̀ntẹ́nà kó dé.

Sátidé kan, Dádì mi wá ra taya iwájú méjì, 195/65 R15, fún mọ́tò tí wọ́n fi ń lọ síbi iṣẹ́ ní Àgbárá lójoojúmọ́. Alhaja ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ fún ìrun Àìlà. Kí wọ́n tó da omi sí ẹsẹ̀ kejì, ọkùnrin tí ìsọ̀ rẹ̀ kan tiwọn ti yí taya méjì wá síwájú Dádì, Dádì sì ti gbé ọ̀kan. Taya náà dúdú kirikiri, ó ń dán, ilà ojú rẹ̀ sì jìn. Mo bẹ̀rẹ̀, mo yí èkejì padà, mo fi itọ́ nu pólíìṣì ara rẹ̀ kúrò. 1100. Ọ̀sẹ̀ kọkànlá, ọdún 2000. Taya yẹn ti dáyé kí n tó dé.

"Dádì, ó ti gbó jù. Ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Dádì, ọmọ yín fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi o. Nọ́ńbà kọ́ńpìnì nìyẹn jàre. Ṣé nọ́ńbà lẹ fẹ́ wà ni, àbí mọ́tò?"

Dádì wẹ̀yìn. "Alhaja, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ó dáa?"

Alhaja ti dé, omi ṣì ń kán ní ìgúnpá wọn. Wọ́n wo taya náà. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ọjà tiẹ̀ ni. Ẹ bi í." Wọ́n tẹ́ ẹní wọn, wọ́n kọjú sí gábàsì.

"Ṣé o rí i?" ni Dádì sọ fún mi. "Alhaja ò sọ pé kò dáa. Dákẹ́, jẹ́ kí n ra nǹkan."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, nínú oòrùn ọ̀sán, ọ̀kan nínú taya méjèèjì bẹ́ lójú ọ̀nà Badagry. Mọ́tò lọ gbá kọnkéré àárín títì. Wọ́n yọ Dádì jáde láàyè, ṣùgbọ́n orúnkún ọ̀tún wọn ò ká mọ́ títí dòní.

Alhaja wá kí wa pẹ̀lú ọsàn nínú láílọ́ọ̀nù. Etí àga ni wọ́n jókòó sí. "Mo rí nọ́ńbà yẹn," ni wọ́n wí. "Ojú mi rí i. Òfin ìlà wa ni kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀."

Màmá mi ò bu omi fún wọn. Ohùn Màmá ò sókè rárá nígbà tí wọ́n fèsì. "Alhaja, ẹ bá mi sọ fún òfin yẹn kó wá máa gbé ọkọ mi lọ sí balùwẹ̀."

Alhaja fi ọsàn sílẹ̀ lọ. A ò jẹ ẹ́. Ó jẹrà sínú láílọ́ọ̀nù yẹn.

N kò jókòó ní ìsọ̀ wọn mọ́. Nígbà tó yá tí ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, bí mo bá ń kọjá, wọ́n á pè mí: "Ìwọ ọmọ yìí, wá ka èyí fún mi." Mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Wọ́n ti kú báyìí. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ni mo fi ń ra taya, síbẹ̀ mo ṣì ń bínú sí wọn.

Mo ti fúnra mi kọ́ ìyókù. Mo mọ̀ pé 91 tó wà lẹ́yìn 195/65 R15 ń sọ ìwọ̀n ẹrù tí taya lè rù. Mo ní gééjì kékeré tí mo fi ń wọn ilà ojú taya. Bí kò bá ti tó mílímítà mẹ́ta, n kì í lò ó. Èyí tó bá ti lé ní ọdún mẹ́fà, bó ṣe wù kó dán tó, n kì í gbé e.

Sátidé tó kọjá, mo ra taya mẹ́rin tuntun ní ìlà yẹn kan náà, wọ́n ti ń ta tuntun níbẹ̀ báyìí. Dádì jókòó nínú mọ́tò mi, ọ̀pá wọn wà láàrin ẹsẹ̀ wọn. "Kí ló kà?" ni wọ́n bi mí láti ojú fèrèsé.

"0925, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

Wọ́n mi orí pé ó dáa. Ní ìsọ̀ kejì, ọkùnrin kan ti gbé taya kan tó ń dán dání, ó ń fi ọwọ́ pa á lójú. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ yí i sí òdìkejì, kẹ́ ẹ nu ibẹ̀ yẹn."

"Àǹtí, ẹ má bà mí lọ́jà jẹ́," ni ẹni tó ń tà á wí. "Àbí ẹ ò mọ òfin ibí ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Oníbàárà náà yí i, ó nu ibẹ̀: 1713 ni. Ó gbé e sílẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí mo ti ń ka iye taya tí mo mú kí ènìyàn gbé padà sílẹ̀ ní Apple Junction, ìyẹn ló sọ ọ́ di mọ́kànlélógún.