Bàbá Jámánì òkè wa àti fèrè ọkọ mi

Ẹ bá mi dúpẹ́ o, landlord ò ní lé wa mọ́!

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré rèé tá a ṣègbéyàwó. Lánàá, bàbá òyìnbó ará Jámánì tó ń gbé òkè wa ní Weston lókè òkun níbí lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn wa: "Ẹ wá rí mi láàárọ̀ ọ̀la. Ọ̀rọ̀ trumpet ni."

Ọkọ mi ló máa ń fọn trumpet nínú ilé, tó fi ń múra orin ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Mo rò pé wọ́n ti fẹjọ́ wa sun landlord, mo ti ń ro ibi tá a máa kó ẹrù wa lọ!

Láàárọ̀ yìí, a gbé ìrẹsì tí mo sè dání lọ bẹ̀ wọ́n. Bí bàbá ṣe ṣílẹ̀kùn, ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Bàbá pariwo: "Ó ti dákú! Ẹ pe ambulance!"

Mo ní: "Rárá sà, ó ń bẹ̀ yín ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí. Àṣé ogójì ọdún ni wọ́n fi fọn trumpet jazz káàkiri Jámánì, kí eyín wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká.

"Ọkọ rẹ mọ̀ ọ́n fọn, àmọ́ kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń mí sí i. Kó máa wá ní Sátidé, màá kọ́ ọ."

Ọkọ mi tún dọ̀bálẹ̀! Bàbá ò pe ambulance mọ́, ìrẹsì ni wọ́n gbà.

Ata inú ìrẹsì yẹn pọ̀ o. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kí n sáré lọ kìlọ̀ fún wọn?