Masẹn Kì í Ṣe Orúkọ

Kí Tofazzal tó ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ tirẹ̀, nígbà tó ṣì ń wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, ẹnu ló fi ń wá ọ̀nà káàkiri ìlú Dhaka. Bó bá ti rí awakọ̀ tó ń bọ̀ láti iwájú, á yọ orí lójú fèrèsé, á ní, "Máma, iwájú ńkọ́?" Àbúrò ìyá ẹni ni wọ́n ń pè ní máma níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ń pe awakọ̀, wọ́n ń pe oní-tíì, wọ́n ń pe ọlọ́pàá tó bá ṣe èèyàn. Gbogbo ọkùnrin ìlú náà ni àbúrò ìyá ara wọn. Máma yẹn á ní iwájú ti dí, ẹ gba ẹ̀yìn mọ́sáláṣí, Tofazzal á sì yà síbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì fi bẹ́ẹ̀ já a kulẹ̀ rí.

Ìgbà tó wá ra ọkọ̀ àlòkù láti Japan, ó bá ẹ̀rọ atọ́nà kan nínú rẹ̀, níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò. Ohùn obìnrin ló wà nínú ẹ̀rọ náà. Láràárọ̀ tí Tofazzal bá ti yí kọ́kọ́rọ́, obìnrin yìí á sọ gbólóhùn kan jẹ́jẹ́, á sì fi "masẹn" parí rẹ̀. Tofazzal rò ó títí, ó pinnu pé ìkíni ni, àti pé Masẹn lorúkọ rẹ̀, nítorí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, bó bá kí èèyàn tán, á sọ orúkọ. Ni òun náà bá ń dá a lóhùn: "Wa alaikum salam, Masẹn." Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣẹ̀fẹ̀ títí ó fi sú wọn. Morsheda, ìyàwó rẹ̀, a tiẹ̀ máa bi í bó bá wọlé nírọ̀lẹ́ pé ṣé orogún òun ti jẹun.

Lẹ́yìn náà ló gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ọkọ̀ ṣe. Ìyẹn fi máàpù Dhaka sínú ẹ̀rọ náà, ó ki síìmù bọ̀ ọ́ kí ìròyìn ojú ọ̀nà lè máa wọlé bó ṣe ń lọ: ibi tí ọkọ̀ bá ti ń rìn á di àwọ̀ ewé, ibi tó bá ti dí á pọ́n. Jharna, ọmọ kan ṣoṣo tí Tofazzal bí, ló ń ra dátà sí síìmù yẹn lóṣooṣù láti orí fóònù tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ò rí ohùn yẹn yí padà. Ojú ẹ̀rọ di ará Bangla, ẹnu rẹ̀ ṣì jẹ́ ará Japan. Láti ọjọ́ yẹn ni Tofazzal ò ti bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà mọ́. Ẹni tó ń kí gbogbo ayé tẹ́lẹ̀ wá ń gbé gíláàsì sókè kọjá lára wọn. Ká má purọ́, ìgbéraga díẹ̀ wà níbẹ̀.

Jharna kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nílé nígbà náà. Ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn odi ìlú ló ń gbé, níbi tó ti ń kọ́ èdè Japan, torí pé ó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Osaka. Ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò àkọ́kọ́, ó sunkún, ó tún un ṣe, ó yege. Wọ́n wá fún un ní ọjọ́ ìrìn àjò, ẹni tó sì ń bá wọn ṣètò rẹ̀ là á mọ́lẹ̀ fún wọn: ẹni tó bá pàdánù bàálù, àyè rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí ló gba oorun lójú Tofazzal.

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà. Ẹrù ti wà nínú ọkọ̀, ìyá Jharna ti fi ọ̀rá mẹ́ta wé ìgò mángòrò alátà sáàárín aṣọ rẹ̀. Morsheda ní òun ò ní í bá wọn dé pápákọ̀ òfurufú, òun ò lè dúró kí géètì onírin gbé ọmọ òun mì lójú òun. Ìyá àti ọmọ ṣì dì mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Tofazzal yí kọ́kọ́rọ́. Obìnrin inú ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ó gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó sì fi masẹn parí rẹ̀.

"Wa alaikum salam, Masẹn," ni Tofazzal wí. "Ọmọ wa ń lọ sílùú yín lónìí."

Ó wo máàpù. Gbogbo ọ̀nà ló funfun nini, kò sí pupa kankan níbì kankan. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ní bóyá òjò ló ká àwọn èèyàn mọ́lé.

Wọ́n gba ọ̀nà Rampura. Wọn ò tí ì dé afárá ibẹ̀ tí ọkọ̀ fi dúró, tí iwájú dí, tí ẹ̀yìn dí, tí ẹni tó wà láàárín ò lè ṣílẹ̀kùn. Tofazzal wo máàpù: funfun. Ó ní á tú láìpẹ́, Masẹn kì í purọ́. Ó pa ọkọ̀. Morsheda pè, ó ní ṣé ẹ ti débẹ̀. Ó tún pè. Ó pè títí bátìrì fóònù Tofazzal fi kú. Òógùn bo ọkùnrin náà, ó ń fìka gbá ojú ẹ̀rọ bí ẹni ń jí ọmọ tó sùn. Lẹ́yìn ọkọ̀, Jharna ń yí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀rù ń ba àwọn méjèèjì, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sì fẹ́ kí èkejì mọ̀.

Nígbà tó ṣe, iwájú sún díẹ̀. Tofazzal yí kọ́kọ́rọ́, obìnrin náà sọ̀rọ̀, ó sì dá a lóhùn bó ṣe máa ń ṣe. Jharna gbórí sókè.

"Abba, kí lẹ ń dá lóhùn?"

"Ó kí wa ni."

"Kò kí wa o. Ó ní òun ò rí ìròyìn ojú ọ̀nà gbà."

"Masẹn ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Masẹn kì í ṣe orúkọ, Abba. Òun la fi ń parí ọ̀rọ̀ bí nǹkan ò bá rí bẹ́ẹ̀. Kò sí, kò ṣeé ṣe, kò gbà, masẹn náà ni gbogbo ẹ̀."

Ló bá fọwọ́ bo ẹnu. Dátà oṣù yẹn ti tán, láàárín ìdágbére àti ẹrù dídì, ó ti gbàgbé láti ra òmíràn. Ọ̀nà ò mọ́ rárá. Funfun yẹn, àìmọ̀ ni. Ó gbé fóònù, ó ń gbìyànjú àtirà á, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò lọ.

Tofazzal ò bínú sí i, ara rẹ̀ ló bínú sí. Ó sọ gíláàsì kalẹ̀, ó yọ orí síta lẹ́yìn ìgbà pípẹ́. Ọlọ́kọ̀ Márúwá kan ń ti iwájú padà bọ̀.

"Máma, iwájú ńkọ́?"

"Bọ́ọ̀sì kan ti kú sínú omi ní Badda," ni ìyẹn wí. "Látàárọ̀ ni gbogbo ayé ti mọ̀, ibo lẹ sùn sí? Bó bá jẹ́ pápákọ̀ òfurufú lẹ̀ ń lọ, ẹ yà sétí adágún, kẹ́ ẹ má wẹ̀yìn."

Tofazzal gun pèpéle àárín títì kọjá, wọ́n fi hóònù bú u, ó yà sétí adágún, ó sáré tó bẹ́ẹ̀ tí Jharna fi di àga mú. Nígbà tí wọ́n dé pápákọ̀ òfurufú, àwọn tó ń bá Jharna rìnrìn àjò ti wọlé tán. Arìnrìn-àjò nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó kọjá. Tofazzal gbé àpótí lé kẹ̀kẹ́ ẹrù, Jharna gbá kẹ̀kẹ́ náà mú, ó ń tì í sáré lọ. Kò dì mọ́ bàbá rẹ̀. Kò sáyè. Kò sì sáyè fún gbogbo ọ̀rọ̀ tí Tofazzal ti ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí.

Ọlọ́pàá lé e kúrò níbẹ̀, ó lọ jókòó sínú ọkọ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí. Ṣé wọ́n gbà á wọlé? Ṣé wọ́n ti ti kàǹtà kó tó débẹ̀? Fóònù ti kú. Kò lè lọ sílé, nítorí kí ló fẹ́ sọ fún Morsheda? Ó yí kọ́kọ́rọ́ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Obìnrin náà sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó parí rẹ̀ sí masẹn.

"Èmi náà ò rí gbà," ni Tofazzal wí.

Ó jókòó bẹ́ẹ̀ tó pẹ́. Bàálù kan gbéra, òmíràn gbéra, kò mọ ti ọmọ rẹ̀ nínú wọn. Lójijì, láìjẹ́ pé ó fọwọ́ kan nǹkan kan, obìnrin náà tún sọ̀rọ̀. Tofazzal ti ń retí masẹn, ṣùgbọ́n masẹn ò dé. "Maṣita" ló fi parí rẹ̀. Ó bojú wo máàpù. Pupa ti ń ràn láti ẹnu géètì, ó gba ojú títì ńlá lọ, ó dé Banani, ó ya sí Rampura, ó bo gbogbo ọ̀nà títí dé ilé rẹ̀ bí ẹni da ata sórí aṣọ funfun.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ bí wọ́n ṣe ń ra dátà sí síìmù yẹn. Ẹni tí wọ́n lé padà lẹ́nu kàǹtà, tó ń sunkún, kò ní í rántí ọ̀nà tí bàbá rẹ̀ máa gbà lọ sílé. Ẹni tó ti wọlé, tó ti jókòó, tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀, òun ló lè rántí.

Omi bọ́ lójú Tofazzal, kò nù ún. Wákàtí mélòó ni yóò lò nínú pupa yẹn, Ọlọ́run ló mọ̀.

"Wa alaikum salam, Jharna," ló wí, ó sì wọnú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ.