Ìkíni Tí Kò Sí Nínú Ìwé Faransé Wa

Lọ́jọ́ tí pírínsípà wa sọ fún mi pé Faransé fẹ́ kúrò nílé-ìwé, orí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán ni mo jókòó sí nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi tì í. Kò fi ìbínú sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn òbí ń bi òun pé ta ni ọmọ àwọn fẹ́ máa bá sọ Faransé ní Àkúrẹ́, ó sì ti rẹ òun láti máa wá èsì fún wọn. Bí àwọn ọmọ mi tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde lọ́dún náà kò bá yege nínú èyí tí wọ́n máa ń fẹnu ṣe, Faransé parí nìyẹn. Èmi náà á sì padà sí Oǹdó tí mo ti wá, kí n lọ máa kọ́ ọmọ ní ohunkóhun tí wọ́n bá ní kí n kọ́ wọn.

"Sípáníìṣì ńkọ́, sà?" Ọ̀sán Fúráìdé, lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá parí, ni mo máa ń kọ́ Sípáníìṣì, fún ẹni tó bá ṣì lágbára láti dúró.

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Màdáàmù, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí ẹyọ kan gbà sílẹ̀ ná."

Ayé le nígbà náà. Afẹ́fẹ́ ti gbé òrùlé apá kan ilé-ìwé wa lọ, kò sì sẹ́ni tó wá bá wa dá a padà. Kò sí ṣọ́ọ̀kì. Pákí gbígbẹ la fi ń kọ̀wé sójú pátákó, bí mo bá sì gbàgbé èyí tó kù sórí tábìlì, ewúrẹ́ á ti jẹ ẹ́ kí n tó padà dé. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni mo ní, ohùn obìnrin Faransé kan ló wà nínú rẹ̀. Mo máa ń sá bátìrì rẹ̀ sóòrùn kó lè jí díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí yóò fi tún máa kú lọ, ohùn obìnrin náà á wá máa fà wúruwùru bí ẹni tí oorun ń kùn. Àwọn ọmọ ò mọ̀ pé bátìrì ni. Ọmọkùnrin kan nínú wọn fara balẹ̀ kọ́ fífà yẹn dáadáa, ó sì pẹ́ kó tó kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Mo le, mi ò ní í purọ́. Àwọn tó ṣáájú wa ní yunifásítì lọ gbé fún ọdún kan láàárín àwọn tó ń sọ Faransé. Nígbà tó kàn wá, wọ́n ní kò sówó, ká máa ka ìwé wa nílé. Nítorí náà, mi ò tí ì bá ẹnikẹ́ni tó fi Faransé ṣe èdè ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ rí, ẹ̀rù èyí sì máa ń bà mí nínú lọ́hùn-ún. Ìwé ni mo gbójú lé. Ohun tí kò bá ti sí nínú ìwé, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ rárá.

Ẹni tó wá ń dá mi lágara jù ni ẹni tó mọ̀wé jù nínú wọn, ọmọbìnrin kan láti Ìta-Ògbólú. Kò lè wọlé kó má kíni tán pátápátá. Bó bá bá mi nídìí pátákó, á kúnlẹ̀, á ní, "Bon travail, madame," ìyẹn ni pé ẹ kú iṣẹ́. Bó bá bá mi lórí ìjókòó, "Bonne assise." Ẹ kú ìjókòó! Òun ló ń hun gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Màá fi rúlà gbá tábìlì, màá ní, "Kò sí nínú ìwé! Bonjour, kí o jókòó, kí o dákẹ́ títí wọ́n á fi bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀."

"Ṣé bonjour nìkan, mà? Bí ẹni náà bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ńkọ́?"

"Bonjour."

"Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn dé ńkọ́, mà?"

"Bonjour!"

"Bí òjò bá wá pa á ńkọ́?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn wọ̀nyí sì ń fi iṣẹ́ mi ṣeré.

Oǹdó ni wọ́n ti fẹ́ ṣe ìdánwò ẹnu náà. Epo ọkọ̀ ti di góòlù lọ́sẹ̀ yẹn, gáréèjì dá páropáro. Ọkọ̀ kan tó ń lọ kó kòkó ní Bọ́lọ́rundúró ló ṣàánú wa, a jókòó sórí àpò òfìfo lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ló já wa sí, torí epo rẹ̀ ò lè débi tí à ń lọ. A dúró nínú oòrùn títí mo fi ń rí ara mi ní Oǹdó, tí mo ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní ní ohun tí n kò mọ̀. Nígbà tó yá, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó pákó kọjá, a gun orí pákó. Eruku pupa kùn wá láti orí dé ẹsẹ̀.

Nígbà tí a débẹ̀, ọkùnrin tó wá dán wọn wò ti ń kó ìwé rẹ̀ sínú àpò. Mo sáré wọlé, mo fi Faransé bẹ̀ ẹ́. Ó wo aago, ó wo eruku ara mi, ó mí kanlẹ̀. "Vite, madame." Kíá ni o.

Ọmọ Ìta-Ògbólú ló kọ́kọ́ wọlé. Mo dúró sídìí fèrèsé. Mo rí i tó wo ọkùnrin náà, tó wo bí ojú rẹ̀ ti rẹ̀ tó, mo sì mọ̀ pé ìkíni rẹ̀ ló ń bọ̀ yẹn. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Bon travail, monsieur. Bonne assise. Bon soleil." Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú oòrùn. Mo káwọ́ lérí. Faransé ti tán ní Àkúrẹ́ lójú mi.

Ọkùnrin náà gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Merci, ma fille," o ṣé, ọmọ mi, ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀. "Bonne arrivée." Káàbọ̀.

Wọ́n pẹ́ nínú ilé ju bí mo ṣe rò lọ. Kò kán ẹnikẹ́ni lójú mọ́, títí kan ọmọkùnrin oníbátìrì. Nígbà tó ṣe tán, ó pè mí wọlé, Yorùbá ló sì sọ sí mi, Yorùbá tó ní ìró tó ṣàjèjì sí mi díẹ̀. "Ta ló kọ́ wọn ní ìkíni yìí?"

"Ẹ má bínú, sà. Mo ti lé e lẹ́nu wọn títí, kò lọ."

"Ẹ lé e lọ síbo?" Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, lódìkejì ààlà, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Bí a ti ń kíra wa ní Faransé lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Ẹni tó bá jókòó, bonne assise. Ẹni tó bá dé, bonne arrivée. Láti àárọ̀, gbogbo ọmọ tó wọlé wá bá mi, bonjour ni, wọ́n á sì dákẹ́ bí ẹni tó dúró níwájú adájọ́. Ìkíni ò ní máàkì o, màdáàmù. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò nílé."

Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ ló pọ̀ jù. Àjàṣẹ́ níbí! Gbogbo ọdún tí mo fi ń bẹ̀rù àwọn tó ni Faransé, ara ilé wa wà nínú wọn, wọ́n ń fi í kíra wọn kú ìjókòó.

Nígbà tí èsì jáde, gbogbo àwọn ọmọ mi ló yege. Pírínsípà pè mí. Wọ́n ti kan ẹsẹ̀ àga náà. Ó ní Faransé dúró, èmi náà sì dúró, kí n wá wo ibi tí Sípáníìṣì lè wọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀.

Ọmọbìnrin náà wá gba èsì rẹ̀ ní ọ̀sán Fúráìdé, ó bá mi níbi tí mo ti ń fi pákí kọ Sípáníìṣì sójú pátákó. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó rọra ń wo rúlà ọwọ́ mi.

"Buen trabajo, señora." Ẹ kú iṣẹ́, ní Sípáníìṣì.

Mo yẹ gbogbo ìwé tí mo ti kà wò lọ́kàn mi, n kò rí i níbẹ̀. Mo gbé rúlà sílẹ̀.

"Gracias, ọmọ mi," ni mo fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Dìde."