Gọ̀mbọ́ Ìyá Àgbà
Bí mo bá ti ń gbẹ́ pẹ́ńsù fún ọmọ-ọmọ mi, òórùn rẹ̀ a gbé mi padà sí ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò ní Muṣin. Ìyá àgbà mi gba fọ́tò wọn, wọ́n wò ó títí. Gọ̀mbọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti pòórá.

“Ta nìyí?”

“Ẹ̀yin ni, Ìyá. Mo fi pẹ́ńsù pa ìlà rẹ́ lára fíìmù kí ẹ lè rẹwà.”

“Ìlà yẹn ni ọkọ mi rí tí kò fi rí oorun sùn. Fà á padà.”

Onífọ́tò rẹ́rìn-ín títí gọ̀mbọ́ tirẹ̀ náà fi ká jọ.

Ìyá àgbà nawọ́ sí fọ́tò ọkùnrin olójú jọ̀lọ̀ kan lára ògiri. “Fa ti ẹni yẹn náà.”

Àbúrò onífọ́tò ni mo pè é. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé onífọ́tò fúnra rẹ̀ ni.