Àpá Iwájú Orí Kẹ́hìndé

Sẹ̀gilọlá kì í lè jókòó pẹ́. Àga wà níwájú kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò rẹ̀ ní Challenge, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, ṣùgbọ́n orí ìdúró ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ti ń falẹ̀, á rìn dé ẹnu ọ̀nà, á padà.

Ní ọdún 1998, Fúnlọ́lá mú Kẹ́hìndé ọmọ rẹ̀ wá gba fọ́tò. Táyé kò sí mọ́. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, èyí tó kù là ń yà lẹ́ẹ̀mejì, ká so àwòrán méjèèjì pọ̀ di ìbejì. Sẹ̀gilọlá ti so wọ́n pọ̀. Ó yí ọ̀kan padà kí wọ́n lè kọjú síra. Ìjẹ̀bú-Òde ni ìyá àti ọmọ ń kó lọ, mọ́tò wọn sì ti ń kún.

Fúnlọ́lá wo ojú ẹ̀rọ. "Àǹtí Sẹ̀gi, Táyé ò lápá níwájú orí. Kẹ́hìndé méjì lẹ ṣe fún mi yìí."

Sẹ̀gilọlá bẹ̀rẹ̀ sí í pa àpá náà rẹ́. Bó bá fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ á dákẹ́ pẹ́.

Àkànó awakọ̀ yọjú. "Ṣé ìgbín ló ń wa kọ̀ǹpútà yín ni? Ìyá Ìbejì, ẹ ó bá mọ́tò mìíràn lọ o!"

"Bọ̀dá Àkànó, ẹ jọ̀ọ́ ná."

Ògúnsànyà tó bá a to ẹ̀rọ náà ti kìlọ̀ pé kó má fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ti ń ṣètò rẹ̀. Sẹ̀gilọlá fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́, ó ṣí ibẹ̀. Ibi ìkó-iṣẹ́-sí méjì ló wà nínú kọ̀ǹpútà. Èyí tí fọ́tò ìgbéyàwó ti kún dẹ́nu ni wọ́n ní kí ètò tó fi ń tún fọ́tò ṣe ti máa ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń falẹ̀. Ó sún un sí èyí tó ṣófo. Ó tún fi kún ìwọ̀n ìrántí ẹ̀rọ tí wọ́n yọ̀ǹda fún un. Ó wá pa á kó lè tún un ṣí.

Ojú ẹ̀rọ dúdú.

"Ṣé ẹ ò tíì bà á jẹ́ báyìí?" Fúnlọ́lá bi í. Sẹ̀gilọlá lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó bọ̀.

Fọ́tò náà yọ. Ó fọwọ́ kan àpá, àpá pòórá lójú ẹsẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Àkànó tún wọlé, ó fẹ́ pariwo. Kẹ́hìndé ti na ìka sí èyí tí kò lápá. "Táyé rèé."

Àkànó wo fọ́tò náà. Ó jáde, ó ní kí ọkùnrin tó wà níjòókòó iwájú bọ́ sẹ́yìn.

"Ìyá Ìbejì, iwájú ni kí ẹ jókòó," ó ní. "Fọ́tò yẹn ò gbọdọ̀ ká."