Òjò Ò Jẹ́ Ká Fa Sìgá

Kò sí nǹkan tó ń bí mi nínú tó òjò tó ń rọ̀ tí kò rọ̀ tán. Tó bá fẹ́ rọ̀, kó rọ̀ gidi, kó tú gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ dà sílẹ̀, kó máa lọ sílé ẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò oṣù keje ní Festac kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Winniwinni láàárọ̀, winniwinni lọ́sàn-án, tó bá wá di ìrọ̀lẹ́ tí èèyàn rò pé ó ti tán, á tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Màá dìde, màá lọ yọjú lójú wíńdò, màá pòṣé, màá padà wá jókòó, ìdí mi ò tíì ní gbóná lórí àga tí màá tún dìde. Ìyàwó mi ní, "Dádì, ṣé wọ́n gbà yín síṣẹ́ kẹ́ ẹ máa ṣọ́ sánmà ni?"

Ohun kan ṣoṣo ló ń dà mí láàmú. Ẹ̀gbọ́n tó ń gbé ilé tó kángun sí tiwa fẹ́ lọ sí Kánádà, wọn ò sì ní padà wá mọ́. Ìyàwó wọn ti kú, ọmọ wọn obìnrin tó wà lọ́hùn-ún sì ní kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, pé kí ni àgbàlagbà kan ṣoṣo ń ṣe nínú ilé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ìparí oṣù kẹjọ ni wọ́n máa wọkọ̀ òfuurufú. Èmi sì fẹ́ ká jókòó lẹ́ẹ̀kan sí i ní ẹ̀yìnkùlé wọn, ká fa sìgá ńlá kọ̀ọ̀kan tán, láìsí òjò, láìsí ìjì, láìsí ooru. Lẹ́ẹ̀kan péré. Mo fẹ́ kó dùn débi pé tí wọ́n bá dé inú òtútù Kánádà yẹn, wọ́n á máa rántí ẹ̀.

Kì í ṣe sìgá tí àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń fi sẹ́yìn etí ní Mile 2 ni mò ń wí o. Èyí tí mò ń wí, odidi ewé tábà ni wọ́n fi wé e láti inú dé ìta, ó nípọn ju àtàǹpàkò lọ, èèyàn á sì fà á títí ilẹ̀ á fi ṣú kó tó jó tán. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ mi. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ nídìí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi rí, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ọmọ onílẹ̀ lèmi ní tèmi, kì í ṣe irú èyí tó ń gbé àdá lọ bá àwọn tó ń kọ́lé o, ṣùgbọ́n àwọn baba wa ló ń dá oko ní Amuwo kí ìjọba tó kọ́ ilé kún ibẹ̀. Mo máa ń fi Ẹ̀gbọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé àlejò wa ni wọ́n. Wọ́n á ní, "Onílẹ̀, gbé àga ẹ wá síbí. Ilẹ̀ ẹ náà ni."

Nígbà tá a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ojú ń tì mí. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọdé kì í fa sìgá lójú àgbà, kódà tí irun ọmọdé náà bá ti funfun. Tí mo bá fẹ́ fà á, màá yí ẹ̀yìn mi sí wọn, màá tẹrí ba bí ẹni tó ń jí ẹran jẹ nínú ìkòkò. Odidi ọ̀sẹ̀ ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Ìwọ yìí, atẹ́gùn ń ti ọ̀dọ̀ ẹ bọ̀. Ẹ̀yìn lo kọ sí mi, èéfín ẹ ló ń kọjú sí mi. Èwo wá ni ọ̀wọ̀ níbẹ̀?" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Látọjọ́ yẹn ni mo ti ń kọjú sí wọn, àmọ́ èmi ni mo máa ń tanná sí tiwọn kí n tó tan tèmi. Ìyẹn ò yí padà.

Àwọn náà ló kọ́ mi pé ojú ọjọ́ ló ni sìgá, àwa kàn ń fà á ni. Nígbà ọyẹ́, ewé ẹ̀ á máa sán bí ètè wa ṣe ń sán. O fọwọ́ kàn án, ó ń dún. O tanná sí i, á máa jó wàràwàrà bí ẹni tí wọ́n ń lé, èéfín ẹ̀ á sì ta èèyàn lọ́fun bí ata. Tó bá di oṣù kẹta, ooru nìyẹn, kò sí atẹ́gùn kankan, òógùn ń kán sórí ọwọ́ tí o fi mú un, gbogbo àdúgbò ti tan jẹnẹrétọ̀, o ò ní mọ̀ bóyá tábà lò ń fà tàbí epo bẹntiróòlù. Àsìkò òjò ló wá burú jù. Ewé á wú, á rọ̀ bí àkàrà àná. O fà á, kò wá. O tún tanná sí i, ó kú. Tí o bá fi í pamọ́ pẹ́ díẹ̀, á bu, wàá rí funfun lára ẹ̀ bíi ti búrẹ́dì.

Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà nínú oṣù kẹjọ tí òjò máa ń sinmi. Ẹni tó bá dàgbà sí Èkó mọ ohun tí mò ń sọ. Oòrùn ò ní mú, ilẹ̀ á gbẹ níwọ̀nba, atẹ́gùn á máa ti ọ̀nà odò wá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Sìgá tí èèyàn bá fà nírú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀, háà! Ó ń jó déédéé, eérú ẹ̀ ń dúró gbọin lẹ́nu ẹ̀, òórùn ẹ̀ á dà bíi kókó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan. Irú ìrọ̀lẹ́ yẹn ni mò ń dúró dè.

Ẹ̀gbọ́n ò dúró de nǹkan kan ní tiwọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn ni wọ́n ti ń pè mí lórí fóònù.

"Àbúrò, ṣé o ń bọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, òjò ti ṣú o."

"Ó ṣú ni, kò tíì rọ̀."

"Tó bá wá rọ̀ ńkọ́?"

"A ó sá wọlé. Ṣé iyọ̀ ni ẹ́ ni?"

Màá ní ká fi sílẹ̀ dọ̀la. Lọ́la, ilẹ̀ ti tutù jù. Lọ́túnla, ìjì ń jà. Lọ́jọ́ kan tí omi kún ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní ká jókòó sí kọ́rídọ̀ iwájú. Mo ní, "Kọ́rídọ̀ kẹ̀? Kí òórùn aṣọ tútù tẹ́ ẹ sá síbẹ̀ da sìgá rú?" Wọ́n ní, "Ìwọ yìí, o le o," wọ́n pa fóònù. Mo rò pé ọ̀rọ̀ sìgá ò ká wọn lára tó bẹ́ẹ̀ mọ́ ni, torí ìrìn àjò. Ó tiẹ̀ dùn mí díẹ̀.

Oṣù kẹjọ wọlé, òjò ò sinmi. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Amuwo, mo ra sìgá méjì tó dáa jù níbẹ̀, mo kó wọn sínú àpò ọ̀rá, mo tọ́jú wọn pamọ́ sínú wọ́dúróòbù. Mo ní méjì yìí nìkan ló kù tá a máa jọ fà, a ò sì ní fi ṣòfò sínú ọ̀rinrin. Àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá kó ẹrù lọ nílé Ẹ̀gbọ́n. Ẹnì kan wá láti Satellite, ó wá gbé fíríìjì. Ẹnì kan gbé bẹ́ẹ̀dì. Tí mo bá ti rí ọkọ̀ akẹ́rù níwájú ilé wọn, màá jáde síta. Màá wo òkè, màá ní, "Ìwọ òjò yìí, kí ni mo ṣe fún ẹ gan-an?" Ìyàwó mi ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, pé kí èèyàn máa bá òjò jà nítorí èéfín, pé òun á fi mí sínú àdúrà. Mo ní kó fi òjò náà sí i.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa lọ gan-an ni ojú ọjọ́ là. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé, mo jí, mi ò gbọ́ ìró omi lórí páànù. Mo jáde síta, ilẹ̀ ń gbẹ. Ní ọ̀sán, oòrùn yọ, kò mú. Mo rìn dé Agboju, mo rìn padà, mo ń wo òkè bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Kò sí ìkùukùu dúdú kan. Bí agogo mẹ́rin ṣe lù, èmi ni mo pè wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ó yá o!"

"Ṣé o ti bá sánmà sọ̀rọ̀ dáadáa?"

Mo ní kí wọ́n má fi mí ṣẹ̀sín jàre, pé mo ti ń bọ̀.

Àga méjì ló kù nílé wọn, a gbé wọn lọ sẹ́yìnkùlé. Atẹ́gùn ń fẹ́ bí mo ṣe fẹ́ kó fẹ́. Mo gé ẹnu sìgá wọn, mo fi ọwọ́ méjèèjì bo iná, mo tan án fún wọn. Mo wá tan tèmi. Mo fà á.

Káńfọ̀!

Káńfọ̀ pọ́ńbélé. Ẹnu mi wá dà bí àpótí aṣọ ìyá àgbà. Mo tutọ́. Mo tún fà á bóyá ahọ́n mi ló ń purọ́, ó tún burú sí i. Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé gbogbo àsìkò òjò ni ìyàwó mi máa ń kó káńfọ̀ sí gbogbo kọ̀rọ̀ wọ́dúróòbù, nítorí aáyán àti òórùn ọ̀rinrin. Gbogbo ilé tó wà ládùúgbò wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi tí mò ń ṣọ́ sánmà láti ọjọ́ yìí wá, mi ò rántí wo inú wọ́dúróòbù ara mi. Inú bí mi débi pé mo dìde dúró.

Ẹ̀gbọ́n ò dìde. Wọ́n fẹ̀yìn ti àga, wọ́n di ojú, wọ́n ń fà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Wọ́n tú èéfín jáde, wọ́n ní, "Áà. Èyí dùn. Àbúrò, o mọ ọjà rà."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jọ̀ọ́."

"Yẹ̀yẹ́ bíi ti báwo?"

Mo wo ojú wọn. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò gbóòórùn káńfọ̀ ni?"

Wọ́n yọ sìgá lẹ́nu, wọ́n gbé e súnmọ́ imú, wọ́n fa atẹ́gùn sínú gan-an. Wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá mi orí.

"Mi ò gbóòórùn nǹkan kan," ni wọ́n wí. "Ọ̀fìnkìn kan ló mú mi lọ́jọ́ kìíní ọdún. Nígbà tó máa lọ, ó kó gbogbo òórùn lọ. Ọbẹ̀ o, ọṣẹ o, sìgá o, ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀. Dókítà ní ó lè padà, ó lè má padà."

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún."

Mo pariwo. Kí n má purọ́, mo pariwo mọ́ àgbàlagbà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé! Ẹ sì ń pè mí lójoojúmọ́! Èmi ń sọ pé ó tutù, ó gbẹ, ìjì ń jà, ẹ ò sì lè là á mọ́lẹ̀ fún mi pé kò sí ìyàtọ̀ kankan lẹ́nu yín! Kí wá lẹ̀ ń fà á fún?"

Wọ́n wò mí. Ohùn wọn ò le rárá.

"Tí mo bá sọ fún ẹ pé mi ò mọ adùn ẹ̀ mọ́, ṣé wàá tún wá?"

Mo la ẹnu kí n sọ pé màá wá. Ṣùgbọ́n irọ́ ni ìyẹn. Mo mọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Ǹ bá ti sọ pé ẹ jẹ́ kí ara yín yá ná, pé tí imú yín bá ti padà, a ó jókòó. Àwọn náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn ò sì dúró de ìdáhùn. Wọ́n fi sìgá káńfọ̀ yẹn padà sẹ́nu, wọ́n fà á títí ó fi kù bí ìka ọmọdé. Mo fa tèmi náà. Ó rùn, ó korò, mo fà á tán, omi sì ń bọ́ lójú mi. Mo sọ fún wọn pé èéfín ni.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni wọ́n lọ. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀kán òjò kan ò bọ́ ní Festac. Ilẹ̀ gbẹ níwọ̀nba, oòrùn ò mú, atẹ́gùn ń ti ọ̀nà odò wá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Tí agogo mẹ́rin bá ti lù, màá gbé fóònù mi síwájú mi lórí tábìlì, màá jókòó. Kò sẹ́ni tó pè.