Gbólóhùn Kan Tí Mo Gbé Lọ sí Ọ̀kà

Mo kírun àsùbáà tán ní Ìkàrẹ́, mo kó ìwé sínú àpò, mo jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń sọ pé Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà kì í ṣe ìrìn àjò, ẹ̀yin kọ́ lẹ ru ẹrù tí mo rù.

Obìnrin ará Súdáànì kan ló kọ ìtàn tí mo ń tú láti Lárúbáwá sí Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún méjì. Èdè ìgboro wọn le ju ti ilé kéwú lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dá mi dúró. Wọ́n yìnbọn pa ọmọ kan nínú ìtàn náà, ìyá rẹ̀ gbójú sókè, ó ní, "Ọlọ́run, ṣé ojú Ẹ fọ́ ni?" Ọwọ́ mi kọ̀ ọ́. Mo fi "Ọlọ́run, Ìwọ lo mọ̀" rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí mo fi ránṣẹ́ sí òǹkọ̀wé, ó fèsì pé: "Ìyá mi ló sọ ọ́, lórí òkú àbúrò mi. Kò gbàdúrà lọ́jọ́ náà. Dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, àbí kó o dá ìwé mi padà."

Láti kékeré, n kì í gbé ìtumọ̀ kankan jáde láì kọ́kọ́ kà á fún Ààfáà tó kọ́ mi ní kéwú l'Ọ́kà. Òun ni mo fi ìwé yìí ta lọ́rẹ. Orúkọ rẹ̀ wà lójú ewé àkọ́kọ́, inú rẹ̀ sì dùn nígbà tí mo sọ fún un.

Ẹgbẹ̀rin náírà ni tásì gbà. Èèyàn mẹ́rin há lẹ́yìn, méjì níwájú, kòtò sì ń gbé wa jù sókè. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ń sọ̀ kalẹ̀ l'Ákùngbá, ewé ìwé kan bọ́ nínú àpò mi sínú ẹrẹ̀. Kí n tó nawọ́ mú un, awakọ̀ ti fò sílẹ̀. Ó fi ẹ̀wù ara rẹ̀ nù ún, ó fi kan iwájú orí. Lọ́dọ̀ tiwa, ohunkóhun tí wọ́n bá fi Lárúbáwá kọ, kéwú ni.

"Alhájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka díẹ̀ níbẹ̀ fún mi. Ọ̀nà yìí ò dáa mọ́, ìyàwó mi sì wà nínú oyún."

Èmi tí n ò dé Mẹ́kà rí! Orí ewé yẹn gan-an ni gbólóhùn náà wà. Mo tẹjú mọ́ ọn, mo ń ka Fátíà bí ẹni pé ibẹ̀ ni mo ti ń rí i. Gbogbo ọkọ̀ ṣe àmín. Ojú tì mí títí a fi dé Ìwárọ̀ l'Ọ́kà, níbi tí ilé Ààfáà wà.

Ààfáà ò ríran dáadáa mọ́. Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà fún mi, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ka ìwé náà, mo ń tú u sí Yorùbá ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, bí Ààfáà ṣe kọ́ wa. Nígbà tí mo dé ibi gbólóhùn ìyá náà, mo kà á bó ṣe wà.

"Tún un kà."

Mo tún un kà. Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ lọ bá wa bu omi wá.

"Ràfátù, ọjọ́ tí wọ́n gbé òkú Sùlé dé láti oko..." Sùlé ni ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo; àwọn ajínigbé ló pa á. "Gbogbo yín ń yìn mí pé mo gba kádàrá. Mo wọ yàrá, mo tilẹ̀kùn, mo sọ ọ̀rọ̀ yìí. N ò sọ fún ẹnì kan rí."

Omijé ń bọ́ sórí irùngbọ̀n rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ̀rù sì bà mí.

"Mo ti kọ ọ́ sí 'Ọlọ́run, Ìwọ lo mọ̀' nínú Gẹ̀ẹ́sì. Kí wá ni kí n ṣe, Bàbá?"

"Kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Irọ́ lo pa mọ́ ọn." Ó fọwọ́ wá ọwọ́ mi. "Àmọ́ yọ orúkọ mi kúrò níwájú ẹ̀. Àwọn ọmọ ṣì ń ké kéwú lọ́dọ̀ mi."

Mo padà dé Ìkàrẹ́ kí wọ́n tó pe ìrun àsárì. Gbogbo ìgbà ni mo ti ń di ẹ̀bi ru Gẹ̀ẹ́sì, pé kò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Áà, irọ́ ni, àyà mi ló ń já. Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo dá ọ̀rọ̀ ìyá náà padà sí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo lọ sí ewé àkọ́kọ́, mo pa orúkọ olùkọ́ mi rẹ́.